Ihò Méjì Inú Láptọ́ọ̀pù Hezekiah

Ká ní ihò kan ṣoṣo ló wà nínú láptọ́ọ̀pù Hezekiah ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá má dà bó ṣe dà yìí. Ṣùgbọ́n ihò méjì ni. Bólúwadúró tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní Kabba ló fi hàn án. Ó dojú ẹ̀rọ náà bolẹ̀ lórí tábìlì, ó tú gbogbo nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣí pátákó rẹ̀ kúrò, ó wá fi súkùdíráfà tọ́ka sínú.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ibí yìí ni mẹ́mọ́rì ń gbé. Ihò méjì ni. Ọ̀kan ní nǹkan nínú, èkejì ṣófo."

Hezekiah tẹ̀ síwájú, ó ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Ó ṣófo láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti fún yín ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

"Ihò méjì," ni Hezekiah wí. Ó tún un wí, "Ihò méjì." Ojú rẹ̀ wá tàn bí ojú ẹni tí wọ́n bá a rí nǹkan rẹ̀ tó ti sọnù tipẹ́.

Ẹ ó rí ìdí tí inú rẹ̀ fi dùn. Ọmọ méjì ni Hezekiah bí, ìyá méjì ló sì bí wọn. Kì í ṣe pé ó kó obìnrin méjì jọ sílé o, ọmọ ìjọ ni láti kékeré. Magdalene ló kọ́kọ́ fẹ́, ìyẹn ló bí Thomas. Àìsàn mú Magdalene lọ nígbà tí Thomas ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ìgbà tó yá ó fẹ́ Yéjídé, Yéjídé sì bí Fisáyọ̀. Yéjídé náà ti lọ. Ó wá ku bàbá nìkan nínú ilé ńlá, òun àti adìẹ rẹ̀, àti láptọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba.

Oko kajú kan wà lójú ọ̀nà Odo-Ape. Ibẹ̀ ni gbogbo ìkorò yìí ti wá. Magdalene ló gbin kajú yẹn. Ó gbé oyún Thomas sínú, ó ń gbẹ́ kòtò, ó ń pọn omi. Kò jẹ nínú rẹ̀. Ìgbà tí kajú náà máa so tí ẹ̀ka rẹ̀ fi ń tẹ̀, Magdalene ti wà ní sàréè. Yéjídé ló ṣa á. Yéjídé ló ń ro ó, òun ló máa ń fi ewé tútù lu iná ọ̀gbẹlẹ̀ pa kó má bàa jó o, tí apá rẹ̀ yóò bó. Kajú yẹn ló rán Fisáyọ̀ lọ sí yunifásítì. Thomas kò rí yunifásítì lọ ní tirẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́. Ó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Abuja báyìí, ó sì rọrùn fún un díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé.

Ọjọ́ ìsìnkú Yéjídé ni ó tú síta. Iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára ṣọ́bìrì. Àwọn àna ṣì jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Thomas ní, "Ìyá mi gbìn ín, ìwọ fi í kàwé." Fisáyọ̀ ò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi ló ro ó tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìyá tìrẹ nìkan ni, igbó ni ì bá jẹ́ títí dòní, ejò ni ì bá máa ṣa kajú níbẹ̀." Háà! Àwọn àgbà bo ojú. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Bí Thomas bá ń bọ̀ ní Kérésì, Fisáyọ̀ á jókòó sí Ilorin. Bí Fisáyọ̀ bá ti dé, Thomas á ní mọ́tò òun bàjẹ́ lọ́nà.

Nǹkan wá hù sí Hezekiah nínú ikùn. Àwọn dókítà ní Lokoja ní àwọn yóò la á. Hezekiah ò bẹ̀rù ikú tó bẹ́ẹ̀, ó ti dàgbà, ó sì mọ ibi tó ń lọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kóun wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láìsọ ọ̀rọ̀ oko yẹn. Ó ti ro ó pinnu. Kò ní pín in. Bí ọdún yìí bá jẹ́ ti Thomas, èyí tó ń bọ̀ yóò jẹ́ ti Fisáyọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣa ni yóò sì ro. Ó parí. Ọ̀rọ̀ tí kò ju kí èèyàn mu omi ife kan lọ.

Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Bó bá sọ fún Thomas ṣáájú, Fisáyọ̀ á ní wọ́n ti jọ gbìmọ̀. Bó bá kọ́kọ́ sọ fún Fisáyọ̀, Thomas á ní àṣẹ́kù lòun ń gbọ́. Ó ti gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ kékeré rí, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Ẹnìkan ní àdúgbò bá a so ohùn àwọn méjèèjì pọ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, Thomas ń sọ fún àwọn ará ilé pé ó dá òun lójú pé Fisáyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá tó ń fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, Fisáyọ̀ náà ń sọ pé ìdákẹ́jẹ́ tóun gbọ́ láàárín ọ̀rọ̀, Thomas ló ń ṣẹ́jú sí Bàbá. Lórí fóònù o! Ta ló ń rí ìṣẹ́jú lórí fóònù?

Hezekiah wá ní, ó dáa, wọn yóò rí ojú òun, wọn yóò sì rí ojú ara wọn, ẹ̀rọ náà yóò sì gbà á sílẹ̀, àwòrán tòun tohùn, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ ohun tí òun ò sọ. Ó gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀ láti fi pè wọ́n. Ojú ẹnìkan, ó rù ú. Bí ojú ẹnìkejì bá ti wọlé báyìí, ẹ̀rọ á di bí òkúta. Thomas á lanu sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Fisáyọ̀ á di ìlàjì iwájú orí, ohun tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ á máa pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìdí tó fi gbé e lọ sọ́dọ̀ Bólúwadúró nìyẹn.

Bólúwadúró ṣàlàyé fún un. Ó ní mẹ́mọ́rì kọ́ ni ibi tí ẹ̀rọ ń kó fọ́tò pa mọ́ sí o, pé tábìlì tí ẹ̀rọ ń tẹ́ iṣẹ́ lé lórí ni. "Tábìlì tiyín kéré, Bàbá. Bí iṣẹ́ bá ti pọ̀, kò ríbi tẹ́ ẹ sí, ó dúró. Ẹ jẹ́ ká yọ kékeré yìí, ká fi ẹyọ ńlá kan sí i. Ẹyọ kan, ó ti tó. Yóò gbé ojú méjì, yóò tún gbà á sílẹ̀."

"Ihò méjì ni mo rí níbẹ̀," ni Hezekiah wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ti tó."

"Ta ló bi ọ́ bóyá ó tó?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ń pín ogún, wọn kì í ka orí ọmọ, ìyá ni wọ́n ń kà. Ìyá tó bí mẹ́fà àti ìyá tó bí ẹyọ kan, ọgbọọgba ni. Ìdí-igi là ń pè é. Inú àṣà yẹn ni Hezekiah dàgbà sí. Bó ṣe rí ihò méjì yẹn, ohun tó rí ni ilé Magdalene àti ilé Yéjídé. Ó ní kí Thomas ra ọ̀kan, kí Fisáyọ̀ ra ọ̀kan, kí méjèèjì wọlé, kí wọ́n jókòó ti ara wọn. Lójú tirẹ̀, ìjà ti ń parí nìyẹn.

Bólúwadúró kọ irú èyí tí wọn yóò rà ránṣẹ́ sí wọn. Thomas ò kà á dáadáa. Ẹnìkan wà ní ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, Thomas kàn ní, "Fún mi ní mẹ́mọ́rì tó lágbára." Ó fi rán dẹ́rẹ́bà. Ìgbà tó dé, ó gùn bí ìka ọwọ́ méjì tí wọ́n so pọ̀. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, kò lè wọ láptọ́ọ̀pù láéláé.

Bólúwadúró, ẹnu rẹ̀ kò ní ìdérí. Fisáyọ̀ pè é láti bi í ní ìbéèrè kan nípa tirẹ̀, ó bá sọ fún un. Fisáyọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé láptọ́ọ̀pù kì í ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò o. Wọn kì í fi hámà kàn án wọlé." Bólúwadúró tún bá a sọ! Ó rò pé àwàdà ni. Thomas gbọ́ ọ. Ó kàn ra òmíràn, èyí tó tọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí wọ́n sọ fún Bàbá pé èyí kò ní kéré sí ti ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí méjèèjì pé, Hezekiah wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó sórí àga onírọ́bà ní ṣọ́ọ̀bù Bólúwadúró, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

"Okun o, Bàbá," ni Bólúwadúró kí i, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní Kabba.

"Okun, ọmọ mi. Bẹ̀rẹ̀."

Bólúwadúró yọ kékeré àtijọ́. Ó fi ti Thomas sí ihò àkọ́kọ́, torí òun ni àgbà, ó tẹ̀ ẹ́, ó dún pọ́. Ó fi ti Fisáyọ̀ sí ìkejì, ó dún pọ́. Hezekiah mi orí. Ó wò wọ́n bí wọ́n ṣe sùn ti ara wọn, àwọ̀ ewé kan náà, gígùn kan náà. Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

"Tàn án."

Bólúwadúró tàn án. Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàn. Ojú ẹ̀rọ dúdú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ké: píì, píì, píì. Ó dákẹ́. Ó tún ké.

"Kí ló ń sọ?"

"Ó ní òun ò rí mẹ́mọ́rì, Bàbá."

"Méjì wà níbẹ̀!"

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ ní sùúrù."

Ó yọ wọ́n. Ó fi ìresà ọmọ iléèwé nu eyín wúrà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, torí bí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ kì í rí wọn. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ihò méjèèjì. Ó dá wọn padà. Píì, píì, píì. Ó pààrọ̀ wọn, ó gbé àbúrò sí ihò ẹ̀gbọ́n. Píì. Ó yọ bátìrì, ó dúró díẹ̀, ó dá a padà. Píì. Ó yọ ti Fisáyọ̀, ó fi ti Thomas nìkan sílẹ̀. Ẹ̀rọ tàn, ó yára, kò tíì yára bẹ́ẹ̀ rí láyé. Hezekiah na ọrùn. Ó yọ ti Thomas, ó fi ti Fisáyọ̀ nìkan sí i. Ó tún tàn, ó yára bákan náà. Ó gbé e sí ihò kejì, ó tàn. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Kò sí ihò tó bàjẹ́. Ó fi méjèèjì papọ̀, píì, píì, píì.

Ó tún gbé e lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó gba ètò tuntun láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ, èyí tó ń kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe jí láàárọ̀. Hezekiah jẹ ẹ̀pà, ó dúró. Ètò náà wọlé. Kò yí nǹkan kan padà.

Bólúwadúró wá jókòó, ó nu òógùn. "Bàbá, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kò sí èyí tó burú. Ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Eré tí ọ̀kan ń sá kọ́ ni èkejì ń sá. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń fara dà á, wọ́n á ní kí ẹni tó yára rọra. Tiyín ò gbà. Ọ̀kan nìkan ló máa jẹ́."

"Èwo?"

"Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́."

Hezekiah dìde. Ó tún jókòó. "Ìwọ lo ní kí n yàn," ni ó wí, bí ẹni pé Bólúwadúró ló gbin kajú.

Bólúwadúró ní ọ̀nà míì wà: kí àwọn pààrọ̀ ọ̀kan, kí wọ́n wá ìbejì èkejì, torí méjì tó bá jẹ́ ọmọ ilé iṣẹ́ kan náà yóò bá ara wọn ṣe. Hezekiah ní kó pe àwọn ọmọ. Ó kọ́kọ́ pe Fisáyọ̀, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí Bàbá lè gbọ́, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un.

Fisáyọ̀ ní, "Ẹ kúuṣẹ́, Bàbá mi. Ti ta ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀?"

"Èyíkéyìí, ọmọ mi."

"Ṣé ti Bùọ̀dá Thomas ló ṣì fẹ́ jókòó sílẹ̀, kí tèmi jáde? Bàbá, mo ka ohun tí wọ́n kọ, mo ra ohun tí wọ́n kọ. Ẹni tó kọ́kọ́ ra ti orí tábìlì, ṣé tirẹ̀ la fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n?"

"Kì í ṣe òṣùwọ̀n, Fisáyọ̀."

"Kí ló wá jẹ́? Ohun tí ìyá mi jẹ nílé yẹn náà nìyẹn. Òun ni kó máa sún, kó máa fàyè sílẹ̀. Mi ò pààrọ̀."

Wọ́n pe Thomas. Ariwo mọ́tò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Bólú. Tèmi nìkan, ṣé ó ṣiṣẹ́?"

Bólúwadúró ní, "Ó ṣiṣẹ́, sà."

"Ó ṣiṣẹ́. Tó bá ṣiṣẹ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pè mí? Ẹ lọ pe ẹni tí tirẹ̀ ò jẹ́ kí tèmi ṣiṣẹ́."

"Thomas, tirẹ̀ náà ṣiṣẹ́."

"Àbí? Ó yá, ẹ lo tirẹ̀. Ẹ kúkú ti ń lo tirẹ̀ láti ọjọ́ yìí."

"Ká ní èmi fúnra mi bá ra méjì tuntun ńkọ́?"

"Ẹ wá fi èyí tí mo rà ṣe kí ni? Ẹ fún adìẹ jẹ?"

Ó pa fóònù. Hezekiah wo fóònù náà fún ìgbà pípẹ́. Bólúwadúró ń wo ìta, ó ń ṣe bí ẹni pé òun ò sí níbẹ̀.

"Bàbá," ni Bólúwadúró wí jẹ́ẹ́jẹ́, "nínú wọn, kò sí ẹni tó bèèrè ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ ráyè bá wọn sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́," ni Hezekiah dáhùn. "Etí mi ò tíì di."

Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ abẹ ń sún mọ́lé. Hezekiah ò lè sùn dáadáa. Ó ń ro ó láàárọ̀, ó ń ro ó lọ́sàn-án lábẹ́ igi máńgòrò. Bí mo bá fi ti Thomas sí i, mo ti fi Fisáyọ̀ sílẹ̀. Bí mo bá fi ti Fisáyọ̀ sí i, Thomas á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó yá ni ọgbọ́n kan bá a. Ó padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Bólú, mò ń lọ sẹ́yìnkùlé. Mú ọ̀kan nínú wọn, fi sí i, dè é pa. Má sọ èyí tó jẹ́ fún mi. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, àní bí mo bá bẹ̀ ọ́."

"Bàbá..."

"Mo ní má sọ. Bí èmi ò bá mọ̀, mi ò yàn. Bí àwọn náà ò bá mọ̀, kí kálukú wọn rò pé tòun ni. Ṣé nǹkan búburú nìyẹn? Kí Thomas máa rò pé tòun ló ń fi ojú mi hàn án, kí Fisáyọ̀ náà máa rò bẹ́ẹ̀."

Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó dúró ti ìkòkò omi, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ó gbọ́ tí ó dún pọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bólúwadúró fi ìkejì sínú agolo mílíìkì kan, ó dé e.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Bólúwadúró bá a gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀ ní pálọ̀. Hezekiah ti fá irùngbọ̀n. Ó jókòó sábẹ́ fọ́tò Magdalene àti fọ́tò Yéjídé, ó ní kí Bólúwadúró wò ó kí méjèèjì hàn lẹ́yìn òun bákan náà, kí ọ̀kan má gùn ju èkejì lọ. Ẹ̀rọ tàn kíákíá. Thomas wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, Fisáyọ̀ wọlé. Ẹ̀rọ náà kò dúró. Ojú méjì, mímọ́, ó ń lọ geere. Thomas ti ní ewú. Hezekiah ò kíyè sí i rí pé ọmọ òun ti ní ewú. Fisáyọ̀ ti sanra díẹ̀, ó jọ ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá fi bojú wẹ̀yìn wo fọ́tò.

"Ẹ káàsán, Bàbá," ni Thomas wí.

"Ẹ káàsán, Bàbá mi," ni Fisáyọ̀ wí.

Wọn ò kí ara wọn, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni wọ́n wà, Ọlọ́run sì mọ̀ pé ó ti pẹ́. Hezekiah la ẹnu. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo dúpẹ́ pé mo rí yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ já yín lẹ́nu díẹ̀," ni Fisáyọ̀ wí. "Bólú, ó ti yára gan-an o. Ṣé méjèèjì ti wá gbà?"

Bólúwadúró gbójú sókè. Ó wo Bàbá.

"Ó ń ṣiṣẹ́, Fisáyọ̀," ni Hezekiah wí. "Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Méjèèjì ló wà níbẹ̀, àbí ẹyọ kan? Bólú, fi ojú ẹ̀rọ hàn mí. Ibi tó ń ka iye ihò tí wọ́n ń lò."

Thomas náà ti sún mọ́ ojú ẹ̀rọ, iwájú orí rẹ̀ ti kún gbogbo àwòrán. "Bẹ́ẹ̀ ni. Fi hàn wá." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa fohùn ṣọ̀kan láti ọjọ́ tí wọ́n sin Yéjídé.

Hezekiah gbé ọwọ́ sókè. "Kò sídìí láti fi hàn. Ẹyọ kan ni. Méjèèjì ò gbà. Mo ní kí Bólú fi ọ̀kan sí i, mi ò mọ ti ẹni tó jẹ́, mi ò sì fẹ́ mọ̀. Ẹ bá mi jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn gbà pé tiyín ni."

Ẹ wò ó, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo nǹkan ti lè dára. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju kí ọ̀kan nínú wọn sọ pé ó dáa, Bàbá, ẹ máa wí. Ẹyọ ọ̀kan nínú wọn.

Fisáyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Ti Bùọ̀dá Thomas ni. Mo mọ̀."

"Irọ́ ni," ni Thomas wí. Òun náà ò wò ó, Bàbá ló ń wò. "Tirẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ tèmi ni, Bàbá ì bá ti sọ. Nǹkan tí wọ́n bá ń fi pa mọ́ fún mi nílé yẹn, tirẹ̀ ló máa ń jẹ́."

"Ẹ rí i? Ẹ rí ẹnu rẹ̀? Ìyá mi ti kú, kò tún fi í sílẹ̀!"

"Ìyá tìrẹ nìkan ló kú ni? Tèmi ńkọ́, ṣé ó lọ ọjà ni?"

"Thomas! Fisáyọ̀!" Hezekiah fẹ́ dìde, ìrora inú rẹ̀ gbá a mú, ó tún jókòó. "Ọ̀rọ̀ oko kajú ni mo fẹ́..."

"Oko kajú!" ni Thomas wí. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín. "Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ là ń lọ. Ẹ ti yàn, Bàbá. Ẹ ti fi í sínú ihò, ẹ sì ti dè é pa. Kí lẹ tún fẹ́ sọ fún mi?" Àwòrán rẹ̀ ṣú.

Fisáyọ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Hezekiah rò pé yóò dúró. Ó ní, "Fisáyọ̀ mi." Fisáyọ̀ nu ojú, ó ní, "Ẹ lè wá pè é padà, kẹ́ ẹ sọ fún un báyìí, kò sí ẹni tó ń gbọ́," òun náà sì lọ.

Láptọ́ọ̀pù náà ṣì ń ká a sílẹ̀. Hezekiah nìkan ló wà lójú rẹ̀ báyìí, àti fọ́tò obìnrin méjì lẹ́yìn rẹ̀. Bólúwadúró na ọwọ́, ó pa á.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ́ fún yín," ni ó wí. "Bóyá bí ẹ bá mọ̀..."

"Ta ni wọ́n ní ó jẹ́?"

"Kálukú ní ti èkejì ni."

"Ó dáa. Nínú ọmọ méjì tí mo bí, kò sí ẹni tó ronú pé mo lè mú tòun. Ìwọ fẹ́ sọ fún mi pé ọ̀kan nínú wọn parọ́? Bá mi tú u jáde."

Bólúwadúró tú u. Hezekiah kọ ojú sí ògiri títí ó fi yọ ọ́ tán. Ó ní kó fi kékeré àtijọ́ padà sípò rẹ̀, kó wá da mẹ́mọ́rì méjèèjì pọ̀ sínú agolo mílíìkì, kó mì í dáadáa, kó dé e. Ó gba agolo náà, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù láàárín fọ́tò méjèèjì.

"Bí wọ́n bá fẹ́ pín ogún mi," ni ó wí, "kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ẹyọ kan fún ìyá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kárí."

Bí oòrùn ṣe ń rọlẹ̀, fóònù kékeré rẹ̀ dún. Thomas ni. "Bàbá, ẹ kàn sọ fún mi, ti ta ni?" Hezekiah ní òun ò mọ̀. Thomas ní ó dáa, ó pa á. Hezekiah ò tíì gbé e kalẹ̀ tó tún dún. Fisáyọ̀ ni. "Bàbá mi, mi ò bínú mọ́. Ṣùgbọ́n ti ta ni?" Ó ní òun ò mọ̀. Fisáyọ̀ kẹ́dùn, ó ní ó dàárọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ sí Lokoja, Bólúwadúró ló bá a gbé báàgì dé gáréèjì. Dẹ́rẹ́bà ń pe èrò. Bólúwadúró bi í bóyá àwọn ọmọ mọ̀ pé òní ni. Hezekiah wọ inú mọ́tò, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi ọwọ́ di ikùn rẹ̀ mú, ó ní wọn ò bi òun.